Dọ́là wo lèmi fẹ́ rà?

Ọ̀gbẹ́ni kan tún wà lórí rédíò láàárọ̀ yìí tó ní àwa ọmọ Nàìjíríà ń ra ọjà òkèèrè jù, ló fi jẹ́ pé náírà wa ń já wálẹ̀ sí dọ́là. Orí mi gbóná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kúrò ní Àgbádárìgì, mo lọ ṣẹ́ owó ní ibodè Sẹ̀mẹ̀. Mo fẹ́ san owó àńkárá fún kọ́sítọ́mà mi ní Kútọnu, sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, sì ni ìyẹn ń gbà. Mo bi ọmọkùnrin tó ń ṣẹ́ owó pé èló ni sẹ́fà. Kò gbójú sókè nínú fóònù. "Màmá, ẹ ní sùúrù, wọn ò tíì fi iye dọ́là ránṣẹ́ láti Èkó." Mo ní ta ló bi ọ́ ní dọ́là? Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí iye máa fi dé, sẹ́fà ti gbówó lórí. Iye tí kọ́sítọ́mà mi ń ta àńkárá ò sì yí padà o!

Yúrò ni wọ́n so sẹ́fà mọ́ ní tiẹ̀, 655.957 sí yúrò kan, láti 1999. Náírà tiwa, láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú u sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ẹ mọ ibi tó bá a dé. Aládùúgbò ni wá, àmọ́ a ò lè dé ọ̀dọ̀ ara wa láìgba inú ilé olówó, ìyẹn dọ́là, kọjá. (Ẹ má jẹ́ n dé orí ibodè tí wọ́n tì ní 2019.)

Ẹ ó ní a kì í ṣe nǹkan jáde. Mo ti gbọ́. Amẹ́ríkà ńkọ́, tó ti ń rà ju ohun tó ń tà lọ láti ọjọ́ pípẹ́? Ta ló ní kí wọ́n ṣọ́wó ná? Owó tí wọ́n ń tẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n fi ń san gbèsè, Nixon, ààrẹ wọn nígbà náà, sì ti sọ ní 1971 pé àwọn ò ní fi góòlù pààrọ̀ rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kankan mọ́. Àwa ni IMF, àjọ tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, sọ fún pé ká já owó wa wálẹ̀, ká yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kí àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Bretton Woods ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1944 láti ṣètò owó àgbáyé, Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti dábàá owó kan tí àwọn orílẹ̀-èdè á fi máa bára wọn ṣòwò, bancor, tí ẹni tó ń tà jù náà á máa san owó ìtanràn bíi ti ẹni tó ń rà jù. Amẹ́ríkà ló ń tà jù nígbà yẹn. Wọn ò gbà.

Wọ́n ní Eco ń bọ̀, owó kan ṣoṣo fún ECOWAS. Wọ́n ní 2020, wọ́n tún ní 2027. Mo sọ ọ́ fún kọ́sítọ́mà mi tayọ̀tayọ̀, ó ní láéláé, òun ò ní da sẹ́fà òun pọ̀ mọ́ náírà wa. Ǹ bá bá a jà, àmọ́ bówó bá ṣẹ́ kù sí èmi náà lọ́wọ́, sẹ́fà ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀.