Ìgbẹ́ adìẹ tútù yàtọ̀ sí èyí tó ti jẹrà

Ẹ̀yin òbí Ìlọrin, wọ́n ń pín in kiri pé májèlé ni ẹ̀fọ́ ọgbà ilé ìwé, nítorí ìgbẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń gbìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbẹ́ tútù ló léwu. Ó ní kòkòrò àìsàn, ó sì ń jó tẹ̀tẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọ̀gbìn tí kò lo kẹ́míkà ní kí ọjọ́ 120 kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ìgbẹ́ tútù sí ilẹ̀, kí wọ́n tó kórè ohun tó kan ilẹ̀ náà. Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó jẹrà yàtọ̀. Ẹ bi olùkọ́ bóyá òkìtì ìgbẹ́ náà gbóná gan-an kó tó tutù, nítorí ooru yẹn ló ń pa kòkòrò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan: ó yẹ kó dúdú, kó máa fọ́ wẹ́wẹ́, kó má sì rùn.

Ẹ ṣì fi omi tó mọ́ ṣan ẹ̀fọ́ náà.