Yanrìn Kọ́ Ló Ń Pa Ẹja Yín

Ẹ sọ ọ́ létí àwọn tó ń sin ẹja nínú táǹkì gíláàsì pé yanrìn lẹ fẹ́ dà sí ìsàlẹ̀ tiyín, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi mí kanlẹ̀, tí á sì kìlọ̀ fún yín. Wọ́n á ní yanrìn máa ń dì pọ̀, pé gáàsì olóró ń kóra jọ sábẹ́ rẹ̀, àti pé lọ́jọ́ tí gáàsì ọ̀hún bá ráyè jáde, gbogbo ẹja inú táǹkì ló máa kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí ìkìlọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ló sá fún yanrìn lọ sídìí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn tí kò sì sá ń fi igi tú yanrìn wọn dé ìsàlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n gbà pé ẹ̀mí ẹja làwọn ń dáàbò bò.

Èmi náà gbà á gbọ́. Mo ní táǹkì kan tí mi ò fọwọ́ kan yanrìn rẹ̀ fún ọdún méjì, tí ẹja inú rẹ̀ ń jẹun dáadáa, tí ara wọn ń dán. Ọjọ́ tí ìkìlọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo ti ọwọ́ bọ omi, mo sì rú gbogbo yanrìn náà látòkè délẹ̀. Omi náà dúdú bí omi aró. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹja ti gbé ẹnu sójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mẹ́rin kú nínú wọn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí pé ohun tó wà jẹ́ẹ́ níbi tó wà, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tú u síta.

Ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ gáàsì yìí, torí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Háídírójìn sọ́fáìdì lorúkọ rẹ̀, òun ló ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, olóró gidi sì ni. Àwọn bakitéríà kan ló ń mú un jáde níbi tí ọ́síjìn kò dé. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n tó lè ṣe é: àìsí ọ́síjìn, ìdọ̀tí tó ń jẹrà, àti sọ́féètì, ìyẹn èròjà kan tó ní imí-ọjọ́ nínú, tó ti yòrò sínú omi. Ibi sọ́féètì yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú lítà omi òkun kan, sọ́féètì tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó míligíráàmù 2,700. Omi tí kò níyọ̀, èyí tí à ń lò fún ẹja odò, kì í sábà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yẹn, òmíràn kò tiẹ̀ ní tó nǹkan. Nítorí náà, ohun èlò tí àwọn bakitéríà náà fẹ́ fi ṣiṣẹ́ kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn rárá.

Ká wá ní wọ́n ṣe é. Gáàsì náà kò lè ṣàdédé bọ́ sínú omi, torí ọ̀nà rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀. Tó bá pàdé irin nínú yanrìn, irin á dì mọ́ imí-ọjọ́ inú rẹ̀, wọ́n á sì di ohun dúdú kan tí kì í kúrò níbi tó wà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ gíláàsì táǹkì tó ti pẹ́ díẹ̀, ibi tí yanrìn ti fara kan gíláàsì. Òkè pátápátá á mọ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ dà á síbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ eérú, nígbà míì á sì ní ilà dúdú kan nísàlẹ̀ pátápátá. Ilà dúdú yẹn ló ń já àwọn èèyàn láyà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gáàsì tí irin ti mú mọ́lẹ̀ ni. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ irin tó ń gòkè bọ̀ á kan yanrìn ti òkè tí ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, ọ́síjìn àti àwọn bakitéríà míì á sì sọ ọ́ di sọ́féètì padà.

Afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó tí ẹ máa ń rí tó ń rú jáde nínú yanrìn ńkọ́? Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohun kan náà tó jẹ́ ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú. Ìgbẹ́ ẹja máa ń yí padà títí á fi di náítíréètì, èyí tó jẹ́ pé torí rẹ̀ la ṣe ń pààrọ̀ omi. Àwọn bakitéríà tó wà nísàlẹ̀ yanrìn, níbi tí kò sí ọ́síjìn, á yọ ọ́síjìn inú náítíréètì yẹn lò, náítírójìn á sì fò lọ. Ibi tí wọ́n ní ká máa bẹ̀rù yẹn gan-an ló ń bá wa fọ omi. Tí afẹ́fẹ́ bá rú jáde tí ẹ kò gbóòórùn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Imú èèyàn tètè ń gbóòórùn háídírójìn sọ́fáìdì, kódà nígbà tó kéré gan-an.

Àmọ́ tó bá ń rùn lóòótọ́, oúnjẹ ti pọ̀ jù nínú táǹkì yẹn, tàbí kí yanrìn ti jìn jù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ má kó gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ má sì rú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí mo ṣe ṣe. Ẹ mú apá kékeré kan lónìí, ẹ fi ọ̀pá rọ́bà fa ìdọ̀tí ibẹ̀ jáde, ẹ pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ mú apá míì.

Yanrìn tó jìn tó sẹ̀ntímítà 3 sí 5 ti tó fún ọ̀pọ̀ táǹkì. Kí ẹ tó lọ rà á, ẹ fi gígùn ìsàlẹ̀ táǹkì lu ìbú rẹ̀ àti bí ẹ ṣe fẹ́ kó jìn tó, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Iye lítà yanrìn tí ẹ nílò nìyẹn. Táǹkì tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 30, tí ẹ fẹ́ kí yanrìn rẹ̀ jìn ní 4, á gba lítà 7.2, ìyẹn bíi kílógíráàmù 11 tàbí 12.

Èyí tí hóró rẹ̀ wà láàárín ìdajì mílímítà sí mílímítà kan ló dára jù lójú mi. Èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun ló máa ń dì pọ̀ lóòótọ́, òun náà ló sì máa ń dàlú omi. Yanrìn tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́ dára gan-an, torí wọ́n ti jọ̀ ọ́, hóró rẹ̀ dọ́gba. Ẹ kán fínígà sí díẹ̀ nínú èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ lò. Tó bá hó, ìkarawun tàbí òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀, á sì máa mú kí omi le, ìyẹn ni pé èròjà òkúta á pọ̀ nínú omi náà. Àwọn ẹja adágún Malawi àti Tanganyika fẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹja odò inú igbó kìjikìji kò fẹ́ ẹ. Ẹ fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú báàkẹ́tì títí omi rẹ̀ á fi mọ́, láìlo ọṣẹ.

Wọ́n tún máa ń sọ pé yanrìn máa ń dọ̀tí ju òkúta wẹ́wẹ́ lọ. Ojú ló ń tan wọ́n. Ìdọ̀tí máa ń já sáàárín òkúta, á fara pamọ́ síbẹ̀, á máa jẹrà. Lórí yanrìn, ojú yín ló wà. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ná, torí yanrìn tó bá wọnú ẹ̀rọ á máa ha ibi tó ń yí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu rọ́bà sókè yanrìn ní bíi sẹ̀ntímítà méjì, kí ẹ máa rọra yí i. Ìdọ̀tí fúyẹ́, á tẹ̀ lé omi. Yanrìn wúwo, á dúró.

Rírú tí wọ́n ní ká máa rú u, àwọn kan wà tó ń ṣe é fún wa díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò ewéko ń tú ọ́síjìn díẹ̀ sínú yanrìn. Ìṣáwùrú kékeré tó ń jẹ́ Melanoides tuberculata máa ń rì sínú rẹ̀ lọ́sàn-án, á jáde lálẹ́. Corydoras, ẹja kékeré tó ní irùngbọ̀n bíi ti àrọ̀, ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Ẹ jókòó síwájú gíláàsì nígbà tó bá ń wá oúnjẹ. Á ti ẹnu bọ yanrìn títí dé ojú, á gbé ẹkún ẹnu kan, á dúró díẹ̀, yanrìn á sì máa ṣàn jáde láti ihò ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Kò lè ṣe èyí lórí òkúta. Látìgbà tí mo ti ń wò wọ́n báyìí, mi ò tún ti ọwọ́ bọ yanrìn táǹkì mi láti rú u mọ́.