Sàlẹ́ńsà Tí Kì Í Dákẹ́

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni ìyá alákàrà iwájú ilé wa ní Ìgbógbò ju ìgbakọ sílẹ̀, tó figbe bọnu pé kí ọmọ òun obìnrin sáré wọlé. Ọmọ ní kí ló dé. Ìyá ní, "O ò gbọ́ ni? Àbí wọ́n ti kéde Orò tí n ò gbọ́?"

Orò kọ́. Ẹ̀gbọ́n Píkọ́ọ̀pù, aládùúgbò wa, ló ṣíná ọkọ̀ rẹ̀.

Ní Ìkòròdú, Orò kì í dédé jáde. Wọn á ti kéde rẹ̀, tóníṣòwò á ti mọ ọjọ́ tí òun ò ní tajà, táboyún á ti mọ ibi tó máa sùn. Ti ẹ̀gbọ́n wa yìí ni kì í ní ìkéde.

Àṣà kan ló wọ̀lú. Àwọn àgbà ọ̀dọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tówó àjẹmọ́nú ṣì gbóná lápò wọn, ń lọ fa Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù yọ nínú koríko, wọ́n ń fọ́n ọ̀dà tuntun sí i, wọ́n ń pè é ní klásíìkì. Ọdún 1979 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ jáde, Kàdúná la sì ti to àìmọye rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ̀gẹ́, pákó àti ewúrẹ́ ló rù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Tó bá gbó lọ́wọ́ alápatà, ẹ ó ní kó gbé páńda rẹ̀ kúrò lójú títì. Tó bá gbó lọ́wọ́ ọ̀gá, klásíìkì ni. N ò bá a jà lórí ìyẹn, kálukú ló mọ ibi tówó ti ń yún un. Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo bá wá.

Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ sàlẹ́ńsà tó ń pariwo, ṣùgbọ́n tó bófin mu. Ẹ tún un kà. Ohun tí wọ́n dìídì ṣe kó lè pa ọkọ̀ lẹ́nu mọ́ ló fẹ́ kó máa ké, kí igbe náà sì jẹ́ igbe ọmọlúàbí. Bí ẹni tó háyà onígángan, tó wá ní kó má jí ọmọ tó ń sùn.

Èmi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Bàbá yẹn ti ń jó sàlẹ́ńsà pọ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó yọjú padà. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ṣé kí n dí ihò yìí ni, àbí kí n fi kún un?"

Ẹ̀gbọ́n yọ fóònù. Píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 kan ní Amẹ́ríkà ló ń bú ramúramù níbẹ̀. "Irú ohùn yìí gan-an."

Wẹ́dà wo fóònù, ó wo 504, ó wá tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. "Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ fi hàn mí yìí, síńlíńdà mẹ́jọ ni. Tiyín, mẹ́rin. Bí kíránkì tiwọn bá yí lẹ́ẹ̀kan, iná á bú lẹ́ẹ̀mẹrin. Tiyín á bú lẹ́ẹ̀mejì. Páìpù témi bá jó ò lè bí síńlíńdà mẹ́rin kún un."

Ẹ̀gbọ́n ní kó ṣáà wá èyí tó sún mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé irú sàlẹ́ńsà kan wà tí inú rẹ̀ dà bí ilé oníyàrá: ohùn á kọlu ògiri, á padà, á pàdé ohùn mìíràn lọ́nà, àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn. Òmíràn lọ tààrà. Wọ́n lu ihò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí páìpù lára, wọ́n fi òwú onígíláàsì wé e, òwú náà ló ń gbé ariwo mì. Àìsàn tirẹ̀ ni pé ooru ń jẹ òwú náà díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń jẹ ẹ́ ni ohùn ń ga. Èyí tó bófin mu lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á lè di arúfin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èyí lẹ̀gbọ́n mú. Ó ní òun fẹ́ràn nǹkan tó ń dàgbà. Iye tó san lórí rẹ̀ tó owó ilé ìwé ọmọ mi fún táàmù kan.

Mo bi í pé òfin wo ló bá mu. Ó ní ní California, 95 dẹ́síbẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, ni wọ́n gbà fún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdajì mítà sí ẹnu páìpù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. California! Ọkọ̀ tí kò kọjá Sábó rí láti ọdún tó ti rà á. Níbí, LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní ariwo àdúgbò tí èèyàn ń gbé kò gbọdọ̀ ju 55 lọ lọ́sàn-án, 45 lóru. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ìwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà: ẹnu páìpù ni tiwọn, etí aládùúgbò ni tiwa. Ṣùgbọ́n èmi ni aládùúgbò náà.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó gbé fóònù síta kó fi wọn ariwo, kó lè fi hàn mí pé kò sí wàhálà. Kó tó ṣíná rárá, fóònù ti ka 81. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́, ìsọjí kan ń lọ lápá òsì, oníkásẹ́ẹ̀tì kan sì dojú ẹ̀rọ rẹ̀ kọ wá. Ẹ̀gbọ́n ṣíná, ó tẹná mọ́ ọn. 83. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ yíjú.

Mo bá a jókòó dé Sábó nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ti ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́, kẹ̀kẹ́ ló kù tóun ń wọ̀. Mo mọ ìdí. Nínú ọkọ̀, ohùn yẹn kì í ṣe ti kìnnìún, hùùùn kan ṣoṣo ni, ó ń wọ eyín. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ìgbógbò, Sábó lẹ̀gbọ́n ti dá mi lóhùn, ó sì gbọ́ ọ sódì.

Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni dánfó kan ti rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wáyà ni wọ́n fi so sàlẹ́ńsà rẹ̀. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, tirẹ̀ dùn ju ti ẹ̀gbọ́n lọ. Awakọ̀ náà yọrí, ojú àánú ló fi wò wá.

"Dádì, ẹ kú ìnira o! Sàlẹ́ńsà yín ti bẹ́. Èmi náà ti ń fara dà á láti oṣù tó kọjá. Ẹ lọ bá bàbá wẹ́dà kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà, á bá yín dí i, kò ní gba owó gidi lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀gbọ́n ò fèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí gíláàsì sókè. Ẹ̀yin náà ẹ mọ 504: ó dé àárín, ó há.