Nẹ́ẹ̀tì la ní kẹ́ ẹ rà, a ò ní kẹ́ ẹ fòfin de òòyì

Lẹ́tà tí àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ kọ sí àwọn olùkọ́ ti tàn ká, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Láti sáà tó ń bọ̀, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ pòòyì kó tó ju dísíkọ́ọ̀sì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń díje ta ló lè jù ú jìnnà jù, mọ́. Orí ìdúró ni kó ti jù ú. Wọ́n ní nítorí ààbò ni. Ìwé ìròyìn yìí kò fara mọ́ ọn.

Gbogbo wa la mọ ohun tó bí òfin náà. Dísíkọ́ọ̀sì ya bàrá sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran, ọpẹ́ ni pé kò ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ṣé òòyì ló jẹ̀bi, àbí pápá tí kò ní nẹ́ẹ̀tì? Ìlànà àgbáyé ní kí nẹ́ẹ̀tì yí òbìrìkìtì tí wọ́n ti ń jù ú ká, kí gíga rẹ̀ má sì dín ní mítà 4. Dísíkọ́ọ̀sì ọkùnrin àgbà wúwo tó kílò 2, ti obìnrin jẹ́ kílò 1. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó dúró gbọin náà lè fọ́ orí èèyàn. A ti kọ ọ́ sójú ìwé yìí rí pé kí wọ́n ra nẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọgbọ́n eré náà gan-an ni wọ́n ń fòfin dè. Ẹni tó ń fi ọ̀tún jù ú a kẹ́yìn sí ibi tó ń jù ú sí, a gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì, a fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ yí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún a rà yíká bọ́ sí àárín òbìrìkìtì, òsì a sì yára balẹ̀ níwájú. Ìbàdí ló ń ṣáájú, ọwọ́ tó mú dísíkọ́ọ̀sì ló ń kẹ́yìn. Ọ̀nà tí dísíkọ́ọ̀sì ń tọ̀ kó tó bọ́ lọ́wọ́ a gùn sí i, ìyẹn ló ń fún un ní eré. Ọmọ tí wọn ò kọ́ a fi èjìká ṣáájú ìbàdí, gìgísẹ̀ rẹ̀ a lẹ̀ mọ́lẹ̀, dísíkọ́ọ̀sì a sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Kóòṣì ló ń tún èyí ṣe. Kóòṣì tó mọṣẹ́ kì í fi odindi òòyì bẹ̀rẹ̀: á kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní ìdúró, á kọ́ ọ ní ìdajì òòyì, á jẹ́ kó pòòyì lọ́wọ́ òfìfo, kó tó wá gbé dísíkọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́.

Ibo làwọn ọmọ yìí ti ń kọ́ ọ ná? Nílé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí Òmù-Àrán, eérú ni olùkọ́ fi fa òbìrìkìtì sórí ilẹ̀ pupa. Ọmọbìnrin tó fẹ́ jù ú bọ́ bàtà. Bó ṣe ní kóun yí, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú yẹ̀pẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Òbìrìkìtì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 2.5 lọ! Àpò símẹ́ńtì mélòó ló fẹ́ gbà? Bíríkìlà àdúgbò á dà á, á fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ kó má baà máa yọ̀. Kí ló wá le níbẹ̀, ẹ̀yin aláṣẹ?

Ní Birmingham lọ́dún 2022, Chioma Onyekwere ju dísíkọ́ọ̀sì dé mítà 61.70, ó gba wúrà Commonwealth fún Nàìjíríà. Òòyì ló fi jù ú, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Ìlọrin tó gba ìdíje àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Nàìjíríà lálejò ní 2018 àti 2019 ló wá ń sọ fún ọmọ tirẹ̀ pé kó dúró sójú kan.

Kí wọ́n fa lẹ́tà náà padà kí sáà tó wọlé. Pápá tí kò bá ní nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má ju dísíkọ́ọ̀sì níbẹ̀, ìbáà ṣe lórí ìdúró. Kí wọ́n lo àsìkò ìsinmi láti fi kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá níṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá tún ní kò sówó, kí wọ́n gbé ìwé ìṣúná eré ìdárayá síta, kí àwọn òbí fojú ara wọn kà á.