Ẹ Tú Bílíọ̀nù Palẹ̀ fún Aráàlú

Nínú oṣù Kejì ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu ètò ìṣúná tírílíọ̀nù 54.99 náírà. Rédíò kéde rẹ̀, àwa oníròyìn gbé e sójú ewé àkọ́kọ́. Nínú gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ, mélòó ló lè sọ bí owó náà ti pọ̀ tó? A kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ṣòro mú.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ẹyọ wò ó. Ọ̀kẹ́ kan láyé àwọn baba wa jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Bí ẹnì kan bá jókòó tó ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sùn, tí kò wo, kò ní tó wákàtí mẹ́fà tí yóò fi ka ọ̀kẹ́ kan tán. Mílíọ̀nù kan, tí í ṣe àádọ́ta ọ̀kẹ́, kò ní gbà á tó ọjọ́ méjìlá. Bílíọ̀nù kan ńkọ́? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti oṣù mẹ́jọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ kan lórúkọ, ọmọ náà lè ti bímọ tirẹ̀ kí ó tó parí. Tírílíọ̀nù kan a gbà ju ọdún 31,000 lọ. Síbẹ̀, lẹ́tà kan péré, m àti b, ló ya mílíọ̀nù sọ́tọ̀ kúrò lára bílíọ̀nù.

Àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni bílíọ̀nù. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1974, aṣòfin Robin Maxwell-Hyslop bi Olóòtú Ìjọba Harold Wilson bóyá àwọn mínísítà rẹ̀ yóò dúró ti ìtumọ̀ ilẹ̀ wọn. Wilson ní rárá, ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni ayé ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n kò fi í síbẹ̀. Ó gbà pé ó ṣì lè rú aráàlú lójú, ó sì ṣèlérí láti sọ fún àwọn mínísítà rẹ̀ pé bí wọ́n bá lò ó, kí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere. Ìlérí yẹn gan-an la ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tiwa.

Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ọmọ Yorùbá. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin tó kàwé Faransé ń pe ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ní milliard. Billion tirẹ̀ ni ará Ìbàdàn ń pè ní tírílíọ̀nù. Billón ti Cuba náà rí bẹ́ẹ̀, bilhão ti Brazil sì rí bíi tiwa.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Ẹnikẹ́ni tó bá dìde kéde owó ìlú ní bílíọ̀nù, gómìnà ni o, alága káńsù ni o, kí ó sọ ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bílíọ̀nù kan náírà tí wọ́n bá pín fún ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 1,290,000 náírà ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tó kọ́ yàrá ìkàwé kan. Ẹni tó gbọ́ bílíọ̀nù á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó gbọ́ 1,290,000 á béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ètò ìṣúná ọdún 2025 yẹn, bí a bá pín in fún mílíọ̀nù 220 ènìyàn, nǹkan bíi 250,000 náírà ló kan ẹnì kan fún odindi ọdún, àti ọ̀nà, àti ilé ìwòsàn, àti ọlọ́pàá, àti gbèsè tí a ń san.

Tí wọ́n bá sì ní bílíọ̀nù kan dàwátì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọba, a máa ń mí kanlẹ̀, a ó sì gba ibẹ̀ kọjá. Owó yẹn ni owó oṣù ọdún kan gbáko fún òṣìṣẹ́ bíi 1,190 tó ń gba 70,000 náírà tí òfin là kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kà á fún wa báyìí.

Àwa oníròyìn ló yẹ kí a kọ́kọ́ bá wí, nítorí àwa là ń tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde bí wọ́n ṣe kó o fún wa. Láti ẹ̀dà yìí lọ, ìwé ìròyìn yìí kò ní tẹ bílíọ̀nù tàbí tírílíọ̀nù láìfi ohun tó kan ẹnì kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọ́fíìsì tó fi ìkéde ránṣẹ́ kò bá ṣírò rẹ̀, àwa yóò bá wọn ṣírò rẹ̀.