Ẹja ńlá kọ́ ló ń fìyà jẹ kékeré nínú táńkì omi iyọ̀

Láti àárọ̀ ni ẹja kan ti há ara rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná nínú táńkì mi. Yellow tang ni, àwọ̀ ìyeyè látòkè délẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya níbi méjì. Bó bá ti yọ imú síta báyìí, nǹkan búlúù kan á yọ fìrì láti inú ihò òkúta, á bù ú jẹ nídìí ìrù, á sì sá padà wọlé. Nǹkan búlúù ọ̀hún ò ju ìka àárín mi lọ. Damsel ni, ẹja kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń ta ẹja ń pè ní blue devil, bìlísì búlúù. Orúkọ náà ti sọ tán.

Tang yìí gbé abẹ dání o. Mi ò pa òwe: ẹ̀gún funfun kan wà nídìí ìrù rẹ̀ lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì, ó mú débi pé ó lè la ọwọ́ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìran wọn ní surgeonfish, ẹja oníṣẹ́ abẹ. Bó bá fi ìrù yẹn gbá damsel lẹ́ẹ̀kan péré, ìjà ti parí. Kò gbá a. Sísá ló ń sá.

Èmi ni mo sì rà á wá pé kó wá bá mi kápá damsel náà.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti ń sin ẹja ṣáájú mi ni mo tẹ̀ lé, ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ: ẹja ńlá ló ń fìyà jẹ ẹja kékeré, nítorí náà bí kékeré kan bá ń yọ gbogbo ilé lẹ́nu, ẹ wá èyí tó jù ú lọ fún un, á mọ̀ pé àgbà ti dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹja kékeré kún ẹja ńlá, ẹ máa ṣọ́ra fún ńlá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ibi tó ti wá. Jíjẹ àti jíjà la pa pọ̀. Lionfish ń gbé ẹja tó bá gba ẹnu rẹ̀ mì, grouper náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ sì rèé, ìwọ̀n ara ló ń pinnu ohun gbogbo. Ẹ má kó ẹja tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka sínú táńkì kan náà pẹ̀lú lionfish, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìjà. Lionfish kò bínú sí ẹni kankan, ebi ló ń pa á. Ìjà tó ń ya lẹbẹ, tó ń lé ẹja sí kọ̀rọ̀ òkè táńkì títí tí kò fi ní jẹun mọ́, ọ̀ràn mìíràn ni ìyẹn, òfin tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Ihò tí ẹja ń sùn sí, òkúta tí oúnjẹ ń hù sí lára, ibi tó fẹ́ yé ẹyin sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni í. Àwọn onímọ̀ ìwà ẹranko ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́, wọ́n rí i lára ẹja, lára ẹyẹ, lára labalábá pàápàá: bí onílé àti àlejò bá kojú ara wọn, onílé ló sábà ń borí. Mi ò sọ pé títóbi kò já mọ́ nǹkan kan. Bí àlejò bá fi púpọ̀ ju onílé lọ, ó lè borí. Ṣùgbọ́n ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé kì í wá tagbáratagbára. Ó ti pẹ́ nínú ọ̀rá, omi ti yí padà mọ́ ọn lára, kò mọ ibi tí ihò wà, kò tíì jẹun. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni damsel ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Ó wá kù síbì kan tí àwa fúnra wa ti ń fọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé damsel ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kó sínú táńkì tuntun, torí pé ó láyà, omi tí kò tíì dúró dáadáa kì í tètè pa á. Bí a ṣe ń fi ẹni tó burú jù joyè baba onílé nìyẹn, tí a óò sì wá máa kó àlejò jẹ́jẹ́ tọ̀ ọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọ̀ràn yìí ketekete, inú òkun ni kí ẹ wò. Àwọn damsel kan wà tí wọ́n ń pè ní Stegastes, oko ni wọ́n ń dá. Ewéko òkun tó ń hù lára àpáta ni oko náà, fífẹ̀ rẹ̀ lè má ju mítà kan níbùú-lóròó lọ. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ ń ro ó: wọ́n á fi ẹnu fa ewéko tí wọn ò fẹ́ tu, wọ́n á gbé e lọ sọ nù lẹ́yìn ààlà. Gbogbo ẹja tó bá yà síbẹ̀ láti jẹ ni wọ́n ń lé, títí kan tang àti parrotfish tó tóbi jù wọ́n lọ nígbà mẹ́ta, mẹ́rin. Ènìyàn tó bá lúwẹ̀ẹ́ kọjá, wọ́n á gbìyànjú láti gé e jẹ. Ní Hawaii, tang kan wà tí ara rẹ̀ ní ìlà dúdúdúdú, convict tang. Bó bá jẹ́ òun nìkan, kò lè wọ irú oko bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kóra jọ, ọ̀pọ̀ yanturu, wọ́n á ya bo oko náà lẹ́ẹ̀kan náà. Onílé á lé ọ̀kan, mẹ́wàá á máa jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá wo táńkì inú ilé. Èyí tó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ tó 50, kò kéré lójú wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ inú rẹ̀ kò tó mítà kan níbùú-lóròó. Gbogbo rẹ̀ kò ju oko damsel kan ṣoṣo lọ. Nínú òkun, ẹni tí wọ́n bá lé ti bá tirẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, ìjà ti tán. Nínú táńkì, ó sá títí, gíláàsì ló kàn. Mo rò pé lójú damsel, ìwà àfojúdi gbáà ni: mo ní kó o jáde nílé mi, o ṣì dúró. Ó tún gbá a, ó tún gbá a. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kejì tí àwọn ènìyàn ń sọ, pé “ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á parí ẹ̀ láàárín ara wọn”, ṣe máa ń parí sí òkú ẹja.

Ta ni onílé wá ń kórìíra jù? Ẹni tó jọ ọ́. Konrad Lorenz, onímọ̀ ìwà ẹranko, ará Austria tó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973, wo àwọn ẹja tó ń gbé láàárín àpáta iyùn inú òkun dáadáa, ó sì sọ pé àwọ̀ aláràbarà tó wà lára wọn dà bí àsíá: ìran mi, máa lọ síbòmíràn. Kì í ṣe gbogbo ìjà ni àlàyé yìí kárí, torí damsel ń lé ẹja tí kò jọ ọ́ rárá bí oúnjẹ wọn bá ti jẹ́ ọ̀kan náà. Síbẹ̀, fún àwa tó ń to ẹja pọ̀ nínú gíláàsì, ó ṣiṣẹ́. Àwọ̀ kan náà, ìrísí kan náà, oúnjẹ kan náà, ìyẹn ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe gígùn. Yellow tang lè má bá ẹja ńlá tó ń ṣọdẹ kiri jà rárá, kó wá fi ìrù la tang mìíràn tó rí pẹrẹsẹ bíi tirẹ̀ lára.

Ibì kan wà tí títóbi ti ṣe pàtàkì lóòótọ́, ibẹ̀ náà ló sì tún da ọ̀rọ̀ yẹn rú pátápátá. Clownfish ni, ẹja kékeré tó ń gbé láàárín anemone, ẹranko òkun kan tó dà bí òdòdó. Nínú ilé kan, abo ló tóbi jù, akọ tẹ̀ lé e, àwọn yòókù wá tò tẹ̀ lé ara wọn, wọn ò sì ní bímọ. Bí abo bá kú, akọ á di abo, ẹni kẹta á di akọ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Peter Buston, wọn wọ́n ní Papua New Guinea, lọ́dún 2003 ló gbé e jáde pé àwọn kékeré wọ̀nyí ń fúnra wọn dín ìdàgbà wọn kù, kí ara wọn má baà sún mọ́ ti ẹni tó wà lókè wọn jù. Ẹni tó bá dàgbà kọjá àyè rẹ̀, wọ́n lè lé e kúrò tàbí kí wọ́n pa á. Ẹ rí i pé ipò ló ń pinnu bó ṣe máa tóbi tó. Kékeré dúró ní kékeré kó lè rí ibi gbé ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ra clownfish méjì tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n sì dọ́gba, torí kí ẹnì kan má baà rẹ́ ẹnì kejì jẹ, wàhálà ló rà. Ẹ mú méjì tó ṣì kéré, kí ọ̀kan fi díẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ má sì fi ẹni kẹta kún un.

Chromis aláwọ̀ ewé náà ń ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ láìpariwo. Mo ra mẹ́fà torí wọ́n sọ fún mi pé ẹja àgbájọ ni, pé wọ́n á máa wẹ̀ pọ̀. Wọ́n dọ́gba bí ẹgbẹ́ akọrin. Kò pẹ́, wọ́n di márùn-ún, wọ́n di mẹ́rin. Kò sí ọgbẹ́ tí mo rí, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń dí lọ́wọ́ oúnjẹ títí tí á fi rù. Ọ̀kan ló kù.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ìjà wà fún, ilẹ̀ náà ni ká tún ṣe. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí ẹ kó àwọn jẹ́jẹ́ wọlé kọ́kọ́, kí àwọn oníjà, damsel, dottyback, clownfish maroon, gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Bó bá ti pẹ́ jù fún ìyẹn, ẹ tú òkúta inú táńkì tò lọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ tú gbogbo rẹ̀, àmọ́ ihò tí oníjà ń sùn sí gbọ́dọ̀ yí padà. Bó bá jáde tí kò bá ààlà rẹ̀ mọ́, òun náà di àlejò. Ẹ pa iná táńkì, ẹ fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ lóúnjẹ yó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá ẹja tuntun sílẹ̀.

Àpótí ike tó mọ́ gaara, tó ní ihò lára, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbé àlejò sínú rẹ̀, ẹ so ó mọ́ etí táńkì láti inú, bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Onílé á wá, á na lẹbẹ, á fi orí gbá ike náà lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kẹrin, á wẹ̀ kọjá bíi pé kò rí i. Bó bá ṣì ń gbá a lọ́jọ́ keje, ẹ ti rí ìdáhùn yín, ẹ má ṣí i. Àwọn kan ń fi díńgí sára gíláàsì lápá kan kí oníjà lè máa bá òjìji ara rẹ̀ jà fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún tang, àpárá ni lójú damsel mi.

Ìgbà wo ni kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀? Bí lílé náà bá ń dúró nígbà tí àlejò bá ti kúrò nídìí òkúta, tí àlejò sì ń jẹun, ẹ mú sùúrù. Àmọ́ bí oníjà bá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ká gbogbo táńkì, bí àlejò bá ń mí hẹlẹhẹlẹ ní kọ̀rọ̀, bí oúnjẹ bá dé tí kò jáde, ẹ dá sí i lọ́jọ́ náà. Ẹja tí ìpayà ti mú bẹ́ẹ̀ ni àrùn máa ń ráyè wọ̀ lára.

Ní ti tèmi, damsel ni mo mú jáde, kì í ṣe tang. Àṣìṣe mìíràn tí a ń ṣe nìyẹn, ẹni tí wọ́n ń lù la máa ń kó lọ sínú táńkì ìyàsọ́tọ̀, tí a ó fi ẹni tó ń lu ènìyàn sílẹ̀ lórí àga rẹ̀. Mímú un gbà mí ní odindi ìrọ̀lẹ́ kan. Mo gbé òkúta márùn-ún jáde lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rí i pé inú ọ̀kan tí mo ti gbé sínú báńkẹ́ẹ̀tì ló wà látàárọ̀, tó ń wò mí láti inú ihò.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níta. Tang jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, ó ń fa ewé òkun ya nídìí gíláàsì, lẹbẹ rẹ̀ ń so pọ̀. Nígbà tí mo dá damsel padà, àpótí ike ló kọ́kọ́ wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, òun wá ni wọ́n ń wò báyìí. Mo ṣí i, ó sáré lọ síbi tí ihò rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kò bá nǹkan kan. Ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn pọ́ǹpù lápá òsì ló ń gbé báyìí. Tang ń jẹun kọjá lọ́ọ̀kán rẹ̀, kò dá a lóhùn. Ọwọ́ mi nìkan ló kù tó ń lé, bí mo bá ti kì í bọ omi láti fọ gíláàsì.