Èsì wa sí ọ̀rọ̀ tí oníbàárà wa kọ nípa ìrìn àyípo Boscastle, abúlé etíkun kan ní Cornwall, nílẹ̀ England

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyáàfin wa. A dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìràwọ̀ méjì péré nínú márùn-ún ni ẹ fún wa. Ẹ ní a polówó ìrìn náà ní ìrìn agbedeméjì, tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, àti pé ìyẹn ló mú kí ẹ mú Màmá yín, ẹni ọdún 66 tó ti gun Òkè Olúmọ rí, dání wá láti Bristol; ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dé àtẹ̀gùn Pentargon, agbára Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ tún ní afinimọ̀nà wa pariwo mọ́ àbúrò yín nígbà tó fẹ́ ya fọ́tò létí àpáta, àti pé a fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣòfò létí odò láàárọ̀, a sì wá ń kán yín lójú nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Juliot.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló dùn mí jù. Èmi ni mo kẹ́yìn gbogbo èrò lọ́jọ́ náà. Mo rí i bí Màmá ṣe fi ọwọ́ méjèèjì ti eékún, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń dúró mí lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, tí wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni di apá wọn mú. Ẹ̀bi wa ni. Nígbà tí a pe ìrìn yìí ní agbedeméjì, ọ̀nà tí a wọ̀n nìkan la fi ṣe é: nǹkan bíi kìlómítà 11, tí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ gba àfonífojì Valency kọjá, lábẹ́ igi óákù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, níbi tí ilẹ̀ ti ń ga ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A kò sọ pé tí èèyàn bá ti jáde sí etíkun tán, tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀nà á tún wọ inú kòtò Pentargon lọ, lókè ibi tí odò kékeré kan ti ń já láti orí àpáta bọ́ sínú òkun, ní nǹkan bíi mítà 37, á sì tún pọ́n òkè ọ̀kánkán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gun Olúmọ, ara rẹ̀ ṣì le nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jókòó sinmi bó bá ti dé òkè. Ti Pentargon kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó sanwó.

A ti tún ìpolówó náà kọ lánàá. Àtẹ̀gùn náà àti ibi tó wà lójú ọ̀nà ti wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ti etíkun lè parí ìrìn tirẹ̀ ní St Juliot, ọkọ̀ wa yóò sì wá gbé e níbẹ̀ padà sí èbúté láìgba kọ́bọ̀ kún un.

Ní ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àárọ̀, òjò ti rọ̀ mọ́jú, a kì í sì í kó èèyàn wọ àfonífojì yẹn láìkọ́kọ́ wo odò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2004, òjò tó rọ̀ sórí òkè ní Otterham tó nǹkan bíi mílímítà 200. Omi ya wọ Boscastle lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì gbá ọkọ̀ lọ sínú òkun. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ni hẹlikópítà gbé jáde, ẹnì kankan kò sì kú. A ó máa dúró wo odò náà títí ayé. Ohun tí a ṣe láìdára ni pé a kò ṣàlàyé fún yín, a sì lọ yọ ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn kúrò nínú àkókò St Juliot, níbi tí ẹ ti fẹ́ fara balẹ̀ ka òkúta ìrántí tí Thomas Hardy, òǹkọ̀wé ilẹ̀ England, ya àwòrán rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ Emma. Ilé àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ti pàdé ní oṣù Kẹta ọdún 1870, nígbà tó wá wo ṣọ́ọ̀ṣì náà fún àtúnkọ́. Èmi náà fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ogójì ìṣẹ́jú ni a ó máa lò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, lórí ọ̀rọ̀ etí àpáta, a kò ní yí padà. Òkúta ibẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síléètì ìkọ̀wé láyé àtijọ́: ó máa ń sán pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, òjò àti ìgbì sì ń jẹ ìdí rẹ̀. Koríko hù dé etí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó dúró lórí rẹ̀ lè má mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, àfi kí afinimọ̀nà pariwo kí àbúrò yín tó gbọ́. Àmọ́ nígbà tó ti kúrò níbẹ̀, ó yẹ kó sún mọ́ ọn, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ẹ bá wa bẹ àbúrò yín.

A ti dá gbogbo owó Màmá padà, àti ìdajì owó ẹ̀yin méjèèjì, sínú àkáǹtì tí ẹ fi sanwó. Ìborùn aláwọ̀ ewé tí Màmá gbàgbé sórí ìjókòó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ ẹrẹ̀ etí rẹ̀ kúrò. Ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí wa ní ìkọ̀kọ̀, kí n lè fi ránṣẹ́ sí wọn.